Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú: nǹkan tí síkáànù ń wá, àti nǹkan tó ti parí kí wọ́n tó ṣe síkáànù

Ní November 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí òfin kan pé àwọn tó ń lọ fláwà àlìkámà níbẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lọ tòun tèèpo, gbọ́dọ̀ máa fi folic acid, irú vitamin kan, sí i, wọ́n sì fún wọn títí di December 2026 kí wọ́n fi múra. Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn láti January 1998. Ní May 2023 náà, ìpàdé ìlera àgbáyé tí àwọn ìjọba máa ń ṣe ní Geneva fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tẹra mọ́ fífi àwọn èròjà tó ń ṣara lóore sínú oúnjẹ, wọ́n sì dárúkọ spina bifida, ìyẹn kí ẹ̀yìn ọmọ inú là sílẹ̀, gan-an nínú ìpinnu yẹn. Èèyàn lè máa rò ó pé kí ló kan aboyún tó wà n'Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú nínú ọ̀rọ̀ fláwà òyìnbó. Ó kàn án o. Nǹkan tí wọ́n torí ẹ̀ ń fi folic acid sí búrẹ́dì yẹn náà ló máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe síkáànù ṣàdédé dákẹ́, kó tún jẹ́ẹ̀lì fi sí ikùn, kó gbé nǹkan ọwọ́ ẹ̀ padà síbi tó ti kúrò tẹ́lẹ̀, kó wá ní "Madam, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Ẹ jẹ́ ká gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ibi tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ẹní, etí ọ̀tún àti etí òsì á pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra láti apá ọrùn, á wá máa lẹ̀ lọ sókè síbi orí, á sì tún máa lẹ̀ lọ sísàlẹ̀ síbi ìbàdí. Tó bá fi máa tó ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, gbogbo ẹ̀ ti pa dé. Tí apá òkè ò bá pa dé, agbárí ò ní hù bó ṣe yẹ, ọpọlọ tí kò rí nǹkan bò ó á bàjẹ́ sínú omi tó yí ọmọ ká, òun ni wọ́n ń pè ní anencephaly, ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè, tí kò bá kú sínú, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i ló máa lọ. Tó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ ni kò pa dé, ẹ̀yìn ọmọ á là sílẹ̀, iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, sí ilé ìtọ̀ àti sí ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde á wà níta gbangba, ìyẹn ni spina bifida. Ọmọ yìí lè yè, ó sì lè dàgbà, ó lè lọ sí school, ṣùgbọ́n ó máa nílò ìtọ́jú tó pọ̀.

Ẹ wá ṣírò ọjọ́ 28 yẹn. Ìgbà tó bá fi pé, nǹkan oṣù obìnrin náà ò tíì fi ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó wá. Ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Àwọn míì ṣì ń lo oògùn ibà torí ara ń ro wọ́n, wọ́n rò pé ibà ni. Ẹni tó bá sì ti mọ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí láàárín tiwa a kì í tètè pariwo oyún, ó di ìgbà tí ikùn bá yọ. Ìgbà tó máa fi lọ ṣe register ní ọsibítù, oyún ti tó oṣù mẹ́rin márùn-ún, ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì máa wá fún un ní folic acid. Ó dára kó lò ó, ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ nílò ẹ̀, àmọ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ilẹ̀ ti ṣú lórí ìyẹn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí tábílẹ́ẹ̀tì yẹn ò wọ́n, kò sí kẹ́míìsì tí kò sí, obìnrin náà ò sì kọ̀ láti lò ó, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé kí oyún tó dé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé àwọn dókítà kàn ń méfò. Ní 1991 ni Medical Research Council, àjọ ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde, ọsibítù 33 ní orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ti ṣe é, àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún àwọn kan ní folic acid 4 mg lójoojúmọ́ kí wọ́n tó lóyún títí oyún fi dúró dáadáa, èyí sì dín bí irú ẹ̀ ṣe ń tún ṣẹlẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 72 nínú 100. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Czeizel àti Dudás ní ilẹ̀ Hungary fi hàn pé ó ń dáàbò bo àwọn tí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí náà. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti gbà pé kí obìnrin tó lè lóyún máa lo 400 microgram lójoojúmọ́, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí síkáànù fúnra ẹ̀.

Àjọ WHO ti sọ ọ́ láti 2016 pé ó yẹ kí aboyún ṣe síkáànù ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Èyí tó dára jù fún wíwo ara ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, ìyẹn nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ẹni tó bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, wọ́n lè ti rí anencephaly níbẹ̀ torí agbárí máa ń hàn nígbà yẹn. Àmọ́ kí làwa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa, oṣù keje tàbí ìkẹjọ la máa ń lọ, torí kí á lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ká lè mọ aṣọ tá a máa rà. Nígbà yẹn ọmọ ti tóbi, ó ti ká ara ẹ̀ jọ, egungun orí ẹ̀ ti le débi pé ìró síkáànù ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, ẹ̀yìn ẹ̀ lè dojú kọ ẹ̀yìn ìyá ẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó má rí nǹkan kan gidi, àwọn àmì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọ́n á ti pòórá nígbà yẹn.

Àmì tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀, torí ó wú mi lórí gan-an. Ní 1986, dókítà Kypros Nicolaides àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní London kọ̀wé pé èèyàn lè mọ̀ pé ẹ̀yìn ọmọ là nípa wíwo orí ẹ̀. Bó ṣe rí nìyí: tí ẹ̀yìn bá là sílẹ̀, omi tó yẹ kó yí ọpọlọ ká á máa jò gba ibẹ̀ jáde, ọpọlọ á wá máa fà wálẹ̀ sí ihò tó wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́. Ọpọlọ kékeré tó wà níbi ìpàkọ́, tó yẹ kó rí róbótó lápá méjèèjì, á wá tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, egungun iwájú orí náà á jìn wọlé lọ́tùn-ún lósì, orí á wá rí bí ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn títí dòní, àmì lẹ́mọ́ọ̀nù àti àmì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tí ẹ̀yìn ti là lè kéré, ó lè ṣòro rí, ṣùgbọ́n orí máa ń fi ẹjọ́ ẹ̀yìn sùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ tó bá rí lẹ́mọ́ọ̀nù lórí ẹ̀rọ, kíá ló máa gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọmọ, á máa wo egungun ẹ̀yìn níkọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé ìdí, á wò ó lóròó, á wò ó níbùú, á wo bóyá awọ bò ó. Tó bá sì ti di bí oṣù keje, lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn sábà máa ń kúrò, egungun orí ti le, ó ti tò padà, kì í ṣe pé ara ọmọ ti yá o, àmì ló kàn lọ.

Torí náà tí ẹ bá gba ripọ́ọ̀tù yín, ẹ má kàn wá ibi tí wọ́n kọ male tàbí female sí. Ripọ́ọ̀tù tó péye máa ń dárúkọ orí, á kọ ìwọ̀n ẹ̀, á sọ bí ààyè omi inú ọpọlọ ṣe fẹ̀ tó, á dárúkọ cerebellum (ọpọlọ kékeré ibi ìpàkọ́ yẹn), á sọ pé òun rí spine (ọ̀pá ẹ̀yìn) láti òkè délẹ̀ àbí òun ò rí i dáadáa. Mo ti rí ripọ́ọ̀tù oyún oṣù márùn-ún tó jẹ́ ìlà mẹ́rin péré, ọmọ kan wà níbẹ̀, ó wà láàyè, ibi ọmọ wà níwájú, ọkùnrin ni, ó parí. Kò sí orí níbẹ̀, kò sí ẹ̀yìn. Wọ́n gba owó, wọ́n sì fún èèyàn ní bébà, ara ìyá sì balẹ̀. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé "ṣé ẹ wo orí àti ẹ̀yìn ọmọ mi?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwọ̀sí sí ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan àwọn tí wọ́n ti rí nǹkan sí síkáànù wọn, tọ́n ò lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan tọ́n bá kọ síbẹ̀ ló burú. Nínú ọpọlọ gbogbo èèyàn ni ààyè kan wà tí omi máa ń wà, wọ́n máa ń wọn ìfẹ̀ ẹ̀ lórí síkáànù. Tí kò bá tó 10 mm, ó dára. Láti 10 dé 15, ó fẹ̀ díẹ̀ ni. Tó bá ti ju 15 lọ, ó fẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó: ọmọ tí tiẹ̀ bá wà láàárín 10 sí 12, tí wọn ò rí ìṣòro míì lára ẹ̀, ju 90 lọ nínú 100 irú wọn ló ń dàgbà bí ọmọ yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa kọ síwájú ẹni tó ní 11 àti ẹni tó ní 22, ventriculomegaly, tí ìyá bá wá lọ wá a lórí Google, fọ́tò orí tó tóbi jù láyé ló máa kọ́kọ́ rí. Nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tún béèrè bóyá nǹkan míì wà lára ọmọ, torí nọ́ńbà nìkan ò tó, tí ọpọlọ bá fẹ̀ tí ẹ̀yìn sì là, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Wọ́n máa tún síkáànù ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ sí i, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò fún ìnfẹ́kṣọ̀n bíi toxoplasmosis àti CMV, àwọn ibòmíì á ní kí wọ́n ṣe MRI.

Bákan náà ni choroid plexus cyst, tí wọ́n máa ń rí lára ọmọ bí 1 tàbí 2 nínú 100 ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Omi kékeré ló kóra jọ síbi tí omi ọpọlọ ti ń wá, tó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n rí, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń lọ fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Orí tó tóbi díẹ̀ náà, ẹ wo bàbá ọmọ, ẹ wo bàbá bàbá ẹ̀, orí ìdílé míì tóbi, kò sí àìsàn níbẹ̀. Ẹni tí kò dá oṣù ẹ̀ lójú náà, wọ́n lè máa rò pé orí ọmọ ti kéré jù àbí ó ti tóbi jù, kó sì jẹ́ pé oṣù oyún ni wọ́n ṣì kà, ìdí míì nìyẹn tí síkáànù ìbẹ̀rẹ̀ fi dára, òun ló ń fìdí ọjọ́ oyún múlẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nǹkan tó le ni wọ́n rí, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n tún un ṣe ní ọsibítù ńlá tí ojú ti là sí i, irú bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀, kí dókítà aboyún, dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ àti dókítà ọpọlọ jọ rí ripọ́ọ̀tù kan náà. Àwọn dókítà ọpọlọ wà nílé o, láti 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti dá ẹ̀ka yẹn sílẹ̀ ní UCH. Òun àti Adelola Adeloye ló kọ̀wé ní 1971 nípa kókó kan tó máa ń wà lórí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, tó jọ bíi pé ọpọlọ ló yọ síta ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọpọlọ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, ọmọ á sì dára. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe kókó náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó mọ nǹkan tó ń wò lè yọ ìyá kúrò nínú ẹ̀rù tí kò nídìí.

Bí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú pé ẹ̀yìn ọmọ là, àǹfààní tó wà níbẹ̀ pọ̀. Wọ́n á ṣètò ibi tí wọ́n máa bí i sí, tí orí bá ti tóbi jù wọ́n á ṣe CS, dókítà abẹ á ti mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀. Ẹ̀yìn tó là yẹn, ó yẹ kí wọ́n pa á dé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n bí i kí kòkòrò má bàá wọ ọpọlọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò retí ẹ̀, lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò bóyá, ẹ má fi àdí sí i, ẹ má fi eérú tàbí àgbo sí i, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ ọsibítù tàbí omi tó ti hó tó sì ti tutù bò ó, kí wọ́n dá ọmọ dojú bolẹ̀ tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n má fi ẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn òpéréṣọ̀n, kí wọ́n máa wọn orí ẹ̀ déédéé, torí omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ sínú ọpọlọ, àwùjẹ̀ á wú, ojú ọmọ á máa wo ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo bíi pé kò lè gbé e sókè. Páìpù kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń fi sí i tó ń darí omi yẹn lọ sínú ikùn. Páìpù yẹn máa ń dí, tọ́kọtaya bá sì jìnnà sí ọsibítù, ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu. Nǹkan tí dókítà ọpọlọ kan, Benjamin Warf, rí ní Mbale lórílẹ̀-èdè Uganda ní bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn nìyẹn, ló bá ń lo ọ̀nà míì, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú wọlé lọ lu ọ̀nà kékeré fún omi nínú ọpọlọ, á sì jó díẹ̀ nínú ibi tí omi ti ń wá, kò sí páìpù tó máa dí. Òun náà ló fi hàn pé ju ìdajì àwọn ọmọ olómi-lórí tó tọ́jú níbẹ̀ lọ ló jẹ́ pé ìnfẹ́kṣọ̀n tí wọ́n kó lẹ́yìn ìbí ló fà á, ìyẹn ni pé síkáànù wọn ì bá mọ́ tónítóní. Ẹ má fojú kékeré wo ibà ọmọ tuntun.

Èèyàn ti ń gbọ́ nípa òpéréṣọ̀n nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú. Òótọ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní MOMS, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011, fi hàn pé tí wọ́n bá pa ẹ̀yìn ọmọ dé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 26, àwọn tó nílò páìpù orí nínú wọn dín kù, bí 40 nínú 100 dípò 82, àwọn tó sì lè dá rìn láìfi nǹkan tì wọ́n tí wọ́n bá pé ọdún méjì àbọ̀ di bí 42 nínú 100 dípò 21. Ní 2018 wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọmọ tètè wá láìtó oṣù, ó ń fi àpá sílẹ̀ lára ilé ọmọ ìyá, kò sì wo ọmọ sàn tán. Ẹni tó bá rí ọ̀nà ẹ̀, ó dára, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ìyá kankan jókòó sílé kó máa rò pé òun ti já ọmọ òun kulẹ̀ torí kò rówó lọ sí òkè òkun. Ìtọ́jú ilé, tó bá bẹ̀rẹ̀ lákòókò, ń gbé ọmọ dàgbà.

Ti anencephaly ló le jù láti sọ. Òfin tó wà ní gúúsù Nàìjíríà gba yíyọ oyún láyè nígbà tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, wọn ò kọ ti ọmọ tí kò lè yè síbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde ní 2022 láti ṣàlàyé ohun tí òfin tiwọn gbà láyè fún àwọn dókítà, kò pé rárá tí wọ́n fi dá a dúró ní July ọdún yẹn torí àríwísí àwọn ẹlẹ́sìn. Àwọn ìyá tó wà nínú irú ẹ̀, àwọn kan gbé oyún náà títí tó fi pé, àwọn kan lọ síbi ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá ń gbèrò, dókítà tòótọ́ ni kó bá jókòó. Tí wọ́n bá sì bí ọmọ náà tó kú, ẹ jẹ́ kí ìyá sunkún ẹ̀, ọmọ ló bí. Kí ẹbí yéé sọ fún un pé "ṣe ni kó o gbàgbé ẹ̀."

Àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bi náà. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní kò fi abẹ́rẹ́ há aṣọ, àwọn kan á ní ìyá ọkọ ló ṣe é, ṣọ́ọ̀ṣì míì á ní kó wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀yìn ọmọ lè pa dé. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ ẹ gbà á lójú ọ̀nà ọsibítù. Ọjọ́ tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé ó lóyún, ká tó wá sọ pé wọ́n rí i lóòrùn. Àwọn nǹkan tí a mọ̀ pé ó ń dá kún un ni àìtó folate lára (bí wọ́n ṣe ń pe folic acid tó wà nínú oúnjẹ nìyẹn), àìsàn ṣúgà tí wọn ò ṣàkóso ẹ̀, oògùn wárápá bíi valproate (ẹ má dá a dúró fúnra yín o, kí dókítà pààrọ̀ ẹ̀ kí oyún tó dé), ara sísanra jù, ara tó gbóná gan-an níbẹ̀rẹ̀ oyún, àti nǹkan àjogúnbá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò ní rí ìdí kan pàtó. Àwọn bàbá wa tó pe abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ṣáà ní ká má fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Àwọn míì á ní "ṣebí à ń jẹ ẹ̀fọ́, à ń jẹ ẹ̀wà." Folate wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹ̀pà àti ọsàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń se tẹ̀tẹ̀. A máa bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a máa fún un, a máa da omi nù, ká tó wá dà á sínú ata. Folate máa ń yọ́ sínú omi, ooru sì máa ń bà á jẹ́, omi tá a dà nù yẹn ló gbé púpọ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ náà dára, ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ má wulẹ̀ bọ̀ ọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan.

Ibí ni ọ̀rọ̀ fláwà ti padà wọlé. Nàìjíríà náà ní òfin pé kí wọ́n fi folic acid sí fláwà àlìkámà, ó ti pẹ́. Àmọ́ ta ló ń jẹ fláwà àlìkámà? Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì, indomie, pọfupọ́ọ̀fù. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀kọ àti ìrẹsì ló ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló kàn án? Gààrí ìyá kan ní Ìjẹ̀bú tàbí èlùbọ́ láti Ṣakí ò gba iléeṣẹ́ kankan kọjá. Irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an, ní 1998 tí wọ́n fi sí fláwà àlìkámà, wọn ò fi sí ìyẹ̀fun àgbàdo tí àwọn èèyàn tó wá láti Mexico àti àyíká ẹ̀ fi ń ṣe oúnjẹ, àwọn obìnrin wọn sì ń bí ọmọ tó ní ìṣòro yìí ju àwọn yòókù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 2024 pé láti January 2026 kí wọ́n máa fi sí tiẹ̀ náà. South Africa ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn, àgbàdo àti búrẹ́dì ni wọ́n pa pọ̀ láti October 2003, ọmọ tó ní ìṣòro yìí sì dín kù ní bí ìdá 30 nínú 100. Ní 2025 ni ìjọba tiwa gbé ìlànà jáde fún àwọn tó ń ṣe magí láti fi iron, zinc, folic acid àti vitamin B12 sí i, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà, torí kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí magí ò dé, ní abúlé àti ní ìgboro. Èyí tó kù ni kí wọ́n ṣe é lóòótọ́, kí wọ́n sì máa yẹ èyí tó wà lọ́jà wò.

Kó tó dé, ẹ gbé e lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tó ń múra ìyàwó, ẹni tó fẹ́ bí èkejì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ìgbà yẹn gan-an ni kó bẹ̀rẹ̀ folic acid. Ẹni tó ti bí ọmọ tó ní spina bifida tàbí anencephaly rí, bí 2 sí 5 nínú 100 ni irú ẹ̀ fi lè tún ṣẹlẹ̀, torí náà dókítà máa fún un ní èyí tó pọ̀, 4 mg tàbí 5 mg, láti oṣù kan ó kéré tán ṣáájú oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Nǹkan kan sì wà tí mi ò fẹ́ kó fò yín: tábílẹ́ẹ̀tì 5 mg ló pọ̀ jù ní kẹ́míìsì wa, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá 400 microgram lọ, tí aboyún bá ń lo ìyẹn pẹ̀lú oògùn ibà SP tí wọ́n máa ń fún un gbé mì lójú nọ́ọ̀sì láti ọ̀sẹ̀ 13, folic acid tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń dí SP lọ́wọ́, ibà á sì ráyè. Nítorí ìyẹn, tẹ́ ẹ bá dé àǹténátà fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú páálí oògùn yín dání, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ han nọ́ọ̀sì kó tó fún yín ní SP.